Ẹ̀ṣẹ́ Tó Mọ Ibi Ìdúró

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí olùkọ́ karate kan sọ fún àwọn òbí, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ funfun lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ yé gbá ara yín nípàá, mo ń rí yín.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí mo ṣe fi ayé mi kọ́ karate, tí mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílùú Ọ̀yọ́ yìí. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí. N kò ní í ti ọ̀dọ̀ ara mi bẹ̀rẹ̀ ṣá. Tokyo ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín lọ, ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2021, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Nippon Budokan. Òlíńpíìkì ni, èyí tí àrùn kòrónà sún kúrò ní 2020. Ìgbà àkọ́kọ́ tí karate wọ Òlíńpíìkì nìyẹn, nígbà tó sì fi máa kan Paris ní 2024, wọ́n ti yọ ọ́. Àṣekágbá àwọn ọkùnrin tó wúwo jù ló kù. Tareg Hamedi láti Saudi Arabia kọjú sí Sajad Ganjzadeh láti Iran. Hamedi ti fi àmì 4 sí 1 ṣáájú. Ló bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ náà ba Ganjzadeh lọ́rùn, ọmọkùnrin yẹn wó lulẹ̀ gbalaja, kò mira. Gbígbé ni wọ́n gbé e jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ ìtàn yìí rí, ta lẹ rò pé ó borí? Mo ti ń gbọ́ “Hamedi” láti ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ìjà ojúde ni, Hamedi náà ni. Àwọn adájọ́ forí korí, wọ́n ní ẹsẹ̀ yẹn ti kọjá ààlà, wọ́n sì yọ Hamedi kúrò nínú ìjà náà. Ẹni tó dákú ni wọ́n fún ní wúrà. Ìgbà tó jí ni wọ́n tó sọ fún un.

Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí ìdájọ́ yẹn, wọ́n ṣì ń bínú. Àánú Hamedi ṣe èmi náà, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, ó yá, ó mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi èmi jókòó sídìí ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tí wọ́n ṣe ni mo máa ṣe. Gbígbá èèyàn rọrùn. Ọ̀mùtí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ láti Ọ̀wọ̀dé náà lè gbá èèyàn. Kí o ju ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, kí o sì dá a dúró ní ibi tí o fẹ́ kó dúró, iṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyí kọ́ nìyẹn, ohun tí mo sì ń kọ́ èèyàn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìwé ìròyìn tí ọmọ yìí nà sílẹ̀ níwájú mi, tó di igun rẹ̀ méjèèjì mú. Mo fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ sí i. Ìwé náà gbọ́dọ̀ mì, kò gbọdọ̀ ya. Ẹ má wo ọwọ́ mi o. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó wà lẹ́yìn ni kí ẹ máa wò. Gìgísẹ̀ ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi ti ilẹ̀, ilẹ̀ kò lọ síbì kankan, agbára náà bá padà gba orúnkún wá sí ìbàdí. Ìbàdí yí. Èjìká kò tíì mọ nǹkan kan. Ìgbà tí ìbàdí bá yí tán ni ìgbúnwọ́ ń ha ẹ̀gbẹ́ kọjá, tí ọwọ́ òsì ń padà bọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìparí pátá, ìkúùkù yí: àtẹ́lẹwọ́ tó ń wòkè tẹ́lẹ̀ wá dojú kọ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ikùn, itan àti abẹ́ apá ti máa le pọ̀, fún ìgbà tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kí gbogbo ara tó tún dẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ìwé náà ṣe ró. Kò ya.

Gyaku-zuki la ń pè é. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú apá nìyí: ẹran ẹ̀yìn apá ló ń na ọwọ́, ẹran iwájú apá ló ń fà á padà. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, ẹran ẹ̀yìn nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ títí yóò fi ba nǹkan. Bí kò bá sì ba nǹkan, ìgbúnwọ́ ni yóò jẹ ìyà náà. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìgbúnwọ́ rẹ̀ bàjẹ́, tí kò sì gbá ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbá.

Àwọn kan rò pé apààyàn ló dá karate sílẹ̀. Erékùṣù Okinawa ló ti wá, níbi tí ìjọba Ryukyu wà kí àwọn Satsuma tó ti Japan wá borí wọn ní 1609. Ìjà àwọn ará ibẹ̀ àti èyí tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà ló pò mọ́ra. Ṣùgbọ́n èyí tí ayé ń ṣe lónìí, ọwọ́ tíṣà ló ti jáde. Itosu Anko ló mú un wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Okinawa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì ṣètò kata (ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ tí èèyàn ń dá jù ní ìtòtẹ̀lé, láìsí alátakò) kéékèèké márùn-ún tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ẹ̀yin ọmọ yìí mọ̀ sí Heian. Ní 1908 ó kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́, ó ní karate kò wà fún kí èèyàn fi bá ẹnìkan ṣoṣo figa gbága, ó sì fi kún un pé àwọn tó ń ṣe é máa ń pẹ́ láyé.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Gichin Funakoshi, tí wọ́n bí ní 1868. Tíṣà ni òun náà. Ní 1922, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó lọ sí Tokyo láti lọ fi karate han àwọn ará ibẹ̀, ó bá dúró síbẹ̀. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ló fara pamọ́ sí, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń tọ́jú ọgbà, bó bá di ìrọ̀lẹ́ a máa kọ́ èèyàn. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ti fi tíṣà gbayì nílùú rẹ̀, tó wá ń gbálẹ̀ ilé fún ọmọ ọlọ́mọ! Bí òbí kan bá wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ìpátá ni karate, baba agbálẹ̀ yìí ni mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún un.

Nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀, ta ló mọ Funakoshi? Bruce Lee ló fà wá wọlé. Bruce Lee ti kú láti 1973, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń jí dìde ní ilé sinimá. A fẹ́ fò, a fẹ́ ké, a fẹ́ fi àtàǹpàkò nu imú. Ọ̀gá tó kọ́ wa kò jẹ́. Odindi ìgbà òjò kan, dídúró ló fi kọ́ wa: orúnkún iwájú ká, tẹ̀yìn nà, àyà dúró gbọin, ó di ìrọ̀lẹ́. Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ la ń lò, bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé tán a ó kó àga jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó gbá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Télọ̀ ló rán aṣọ wa, láti ara aṣọ funfun tó nípọn tí a rà ní ọjà Akẹ̀sán. Bí a bá fi máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣòkòtò ti fi ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ wa á là, òrí la máa ń fi pa á sùn. Ilé kò sì gbọdọ̀ mọ̀, nítorí nígbà yẹn, bí ọmọ bá ní òun ń kọ́ karate, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni òbí máa rò ó sí.

Gbogbo ìyẹn dára. Èyí tí kò dára ni àṣà bárékè tó bá a wọlé. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, fúrọ́ọ̀gì jọ́ọ̀mpù ni wọ́n máa fi lé e yí gbọ̀ngàn po. Ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, yóò fi ìkúùkù ṣe pọ́ṣọ́ọ̀pù lórí sìmẹ́ńtì. Àgbàlagbà á lọ jókòó lé ẹ̀yìn ọmọdé kí itan ọmọ náà lè là. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Japan nìyẹn. Ọ̀yọ́ tí kì í ṣe bí baba ẹnìkankan!

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní kíláàsì mi. Egungun ọmọdé ní ibi tó rọ̀ nítòsí ìpẹ̀kun rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gùn. Bí ibẹ̀ bá fara pa, egungun náà lè wọ́, tàbí kó má gùn tó ìkejì rẹ̀. Makiwara pàápàá, igi tí a rì mọ́lẹ̀ tí a wé okùn mọ́ lórí láti máa gbá, n kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì dàgbà tán fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé Itosu kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé kí èèyàn máa gbá a ní ọgọ́rùn-ún sí igba lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ fi oríkèé ìka tó yi ṣe? Báírò ló máa fi ọwọ́ yẹn dì mú lọ́la, tàbí abẹ́rẹ́, tàbí kọ̀ǹpútà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mo ti sọ karate di ti ajẹbọ́tà. Kò burú. Àwọn ajẹbọ́tà mi dàgbà, wọ́n ṣì ń wá sí kíláàsì. Nínú àwọn akọni ìgbà tiwa, àwọn tí orúnkún wọn kò gbà kí wọ́n kírun lórí ìdúró mọ́ kò kéré.

Ọ̀rọ̀ ìtẹríba ńkọ́? Lọ́dọọdún ló máa ń dé ọ̀dọ̀ mi, láti ọ̀dọ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí bákan náà. Òbí á ní, “Ọ̀gá, ọmọ tèmi ò gbọdọ̀ forí balẹ̀ fún òrìṣà Japan o.” N kì í bá wọn jiyàn. Ní ọ̀pọ̀ dojo, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń kọ́ karate, àwòrán Funakoshi máa ń wà lára ògiri iwájú, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á tẹrí ba síbẹ̀. Mo gbé àwòrán tiwa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Ẹni tí ọmọ bá fẹ́ bá jà ló ń tẹrí ba fún. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, ìyẹn ò lè ṣòro fún un. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lo hijab ń lò ó ní kíláàsì mi. Àjọ karate àgbáyé pàápàá ti fọwọ́ sí i nínú ìdíje. Ohun tí mo ń wá nínú ìtẹríba yẹn ni kí ọmọ méjì tí ara wọn ti gbóná dúró díẹ̀, kí wọ́n wo ojú ara wọn kí ọwọ́ tó lọ. Bí ọmọ kò bá lè dúró níbẹ̀, n kì í jẹ́ kó jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti máa ń di àríyànjiyàn nílùú yìí ni sísá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí ẹnìkan bá fa ọ̀bẹ yọ, tí ọ̀nà sì wà, kí wọ́n sá. Bàbá kan gbọ́ mi, ó ní, “Tíṣà, Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn.” Òótọ́ ni. Àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ohun méjì ló sì yẹ Ẹ̀ṣọ́: Ẹ̀ṣọ́ jà, ó lé ogun, Ẹ̀ṣọ́ jà, ó kú sógun. Mo dá bàbá lóhùn pé, “Ogun ni wọ́n sọ ọ́ fún, sà. Aláàfin ló rán wọn.” Ọmọ tó ń jà nítorí owó ọ̀kadà ní Sábó, ta ló rán an? Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. Orúkọ tó sì ń sọ ọmọ láyé ìsinsìnyí, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Àmọ̀tẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ ní 2020, àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ wọ ibẹ̀ wá bá mi, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ní ẹ̀ṣẹ́ tó ń múni dákú. Òfin ni mo kọ́kọ́ kọ́ wọn. Òfin ilẹ̀ wa gbà kí èèyàn gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kó lo agbára tó tó láti dá ìkọlù dúró. Kò gba èyí tó bá ṣẹ́kù. Bí ẹni tó kọlù ọ́ bá ti wà nílẹ̀, tí o tún fi ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ ẹ́, ìwọ lo di akọluni. Gídígbò wa mọ èyí ṣáájú karate: bí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Àwọn ará Ọ̀fà tí ìjàkadì jẹ́ orò wọn kò sì ní í pe ẹni tó ń lu ẹni tó ti ṣubú ní akọni.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹnìkan á fà mí sẹ́yìn ilé: “Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí lẹ fi kún un? Ṣé òrùka ni àbí gbẹ́rẹ́?” Mo máa ń ní kó padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, màá fún un. Bó bá dé, màá ní kó dúró bí mo ṣe dúró lẹ́ẹ̀kan yìí, kó ju ẹ̀ṣẹ́ títí màá fi ní ó tó. Ẹni tó padà wá lọ́jọ́ kejì ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí ìgbànú, nítorí inú ń bí mi síbẹ̀. Ọwọ́ Jigoro Kano, ẹni tó dá judo sílẹ̀ ní 1882, ni Funakoshi ti rí ìgbànú dúdú, ó sì kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní 1924. Àwọn àwọ̀ yòókù, inú judo ní Yúróòpù ni wọ́n ti gbilẹ̀ kí wọ́n tó di ti karate. Ohun tí ìgbànú dúdú àkọ́kọ́ jẹ́ ni ti ọmọṣẹ́ télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù: ó ti mọ abẹ́rẹ́ dì mú, ẹ lè gbé aṣọ fún un, ẹ má tíì gbé àrán fún un. Òbí tó ń bèèrè lọ́wọ́ mi pé èló ni ìgbànú dúdú, mo máa ń júwe ọjà fún un. Wọ́n ń tà á níbẹ̀, kò wọ́n.

Ohun tí ọjọ́ orí ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, mo ti mọ̀ ọ́n. Ó gba fífò lọ́wọ́ mi. Ó gba ẹsẹ̀ tó ń dé orí. Tèmi kì í kọjá àyà mọ́. Àwọn ọmọ ogún ọdún tó wà lẹ́yìn yẹn yá jù mí lọ, kí n má purọ́. Síbẹ̀ wọn kì í tètè rí mi gbá, àlàfo ló sì fà á. Ma-ai la ń pè é nínú karate: ibi tí ọwọ́ ẹni kejì kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ àfi tó bá gbé ẹsẹ̀. Bí mo bá ti dúró síbẹ̀, ó di dandan kó gbé ẹsẹ̀, kó sì tó gbé ẹsẹ̀, ìbàdí rẹ̀ á kọ́kọ́ mì. Ìbàdí yẹn ni mo ń ṣọ́. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa dé, n kò sí níbẹ̀. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ní Tokyo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọdún 39 ni Sandra Sánchez, obìnrin ará Spain tó gba wúrà kata. Funakoshi ní tirẹ̀, 1957 ló tó kú, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Èyí ló mú mi dá kíláàsì àwọn àgbà sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti àwọn ìyá ọlọ́jà méjì mẹ́ta. A kì í ja ìjà kankan. Ṣíṣubú ni mo kọ́kọ́ ń kọ́ wọn, nítorí àgbàlagbà tí olè lù kò tó èyí tó yọ̀ ní balùwẹ̀ tí itan rẹ̀ kán. Lórí ẹní tó nípọn la ti ń ṣe é. Wọ́n á lọ́ṣọ̀ọ́ ná, wọ́n á fi àgbọ̀n kan àyà kí orí má baà gbá ilẹ̀, wọ́n á wá fi ìdí yí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, apá méjèèjì á gbá ẹní lẹ́ẹ̀kan náà kí ilẹ̀ lè pín ìwúwo náà gbà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe láti orí ìlọ́ṣọ̀ọ́ la ń jẹ́ kó ṣe é láti orí ìdúró. Lẹ́yìn náà la wá ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń dìde. Ìyá kan tó kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ọ̀pá ti ń gbàgbé ọ̀pá náà sọ́dọ̀ wa báyìí, ọmọ rẹ̀ ló ń padà wá gbé e.

Mo rí i pé alága ti ń wo aago. Ẹ dìde, gbogbo yín. Ẹ bọ́ bàtà. Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n yẹn, ẹ gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ dúró ní méjì-méjì, kí ẹ kọjú síra yín, ẹ na ọwọ́ kí ìka yín kàn án, kí ẹ wá sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ó dára. Ẹ̀yin tó wà lápá ọ̀tún mi lẹ máa kọ́kọ́ ju ọwọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ o, aṣọ ló máa kàn, kò gbọdọ̀ kan ara. Ẹ tẹrí ba. Ó yá.